Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Ń Gbé Òjé Mì

Ọjọ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ mi kọ́kọ́ gbé òjé mì, mo pariwo nínú láàbù débi pé àwọn tó wà ní yàrá kejì sáré wọlé, wọ́n rò pé nǹkan ti gbiná. Kò sí ohun tó gbiná. Èmi nìkan ni mò ń fò sókè sódò nínú kóòtù funfun, tí mò ń nawọ́ sí ẹ̀rọ tó ń ka iye òjé, ìyẹn lead, tó wà nínú omi, tí mo sì ń sọ Yorùbá fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Ọ̀gá mi, òyìnbó obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tí kì í yára sọ̀rọ̀, wo ohun tí ẹ̀rọ náà kọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wò. Ó ní, "Ó dára." Lẹ́nu tirẹ̀, bí ẹni fi ijó bẹ́ ni.

Bí mo ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Inú mi kì í dùn ní ìdákẹ́jẹ́. Bí nǹkan bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dára báyìí, èmi ti lọ sọ fún gbogbo àdúgbò pé ó ti dára tán. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ ti wá.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń pè é nítorí pé ìlẹ̀kẹ̀ ló jọ, ṣùgbọ́n èèpo edé ni. Nínú èèpo edé àti ti alákàn, èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń kó dànù, ni wọ́n ti ń rí ìyẹ̀fun kan tó jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń pè ní pọ́límà. Pọ́límà kò ju ohun tó gùn bí okùn lọ, tí ẹ̀yà kékeré kan náà so mọ́ ara wọn léraléra. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì jẹ́ pọ́límà. Sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ náà jẹ́ pọ́límà. A máa ń yọ́ ìyẹ̀fun èèpo edé yìí nínú ọtí kíkan títí yóò fi máa fà, a ó wá máa kán an lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sínú omi sódà. Bí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bá ti bọ́ sínú omi náà, á dì, á di róbótó, bíi pé èèyàn ń da àkàrà wẹ́wẹ́ sínú epo gbígbóná. Mo lè dúró ti iṣẹ́ yìí fún wákàtí mẹ́ta kó má sú mi.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ lásán kò lágbára tó. Iṣẹ́ tèmi ni láti yí i padà. Mo so kẹ́míkà kan tó ní imí ọjọ́ mọ́ ọn, imí ọjọ́ inú Bíbélì yẹn náà, nítorí pé òjé àti imí ọjọ́ fẹ́ràn ara wọn. Bí òjé bá ti ń kọjá lọ nínú omi, imí ọjọ́ á gbá a mú, kò sì ní jẹ́ kó lọ mọ́. Ibi tó ti burú ni òórùn rẹ̀, bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó wọ inú irun mi, ó wọ inú kóòtù mi. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ sí Hulme, àdúgbò tí mò ń gbé ní Manchester, èèyàn kì í jókòó sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò bìkítà rárá.

Ohun tó jẹ mí lógún ni kànga Màmá mi. Lẹ́yìn ògiri ilé wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn kan wá gba ilẹ̀, wọ́n ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù níbẹ̀, wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀ tà. Nígbà tó yá wọ́n kó lọ, wọ́n fi ilẹ̀ dúdú sílẹ̀ fún wa. Kànga wa kò jìnnà sí ibẹ̀. Màmá mi ń mu omi rẹ̀, àwọn ilé tó yí wa ká náà ń pọn níbẹ̀, nítorí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Màmá mi kì í sì í ti géètì mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbé garawa dání. Òjé kì í yí àwọ̀ omi padà. Kò ní òórùn, kò korò lẹ́nu. Ó kàn ń wọ ara díẹ̀díẹ̀ ni, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó ń ba kíndìnrín àgbà jẹ́. Inú ìwé ni mo ti mọ gbogbo èyí, ó sì pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó wá sọ sí mi lọ́kàn pé ó lè wà nínú ife Màmá mi, mi ò lè jẹun.

Mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n má mu omi náà títí màá fi yẹ̀ ẹ́ wò.

"Omi tí mo fi tọ́ ẹ dàgbà ni o wá ń sá fún?" ni Màmá mi wí. Síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi inú ọ̀rá, wọ́n sì bẹ àwọn aládùúgbò pé kí àwọn náà dúró ná. Gbogbo àdúgbò wá ń retí ohun tí èmi máa sọ.

Ọ̀gá mi náà fẹ́ omi kànga yẹn. Ó ní omi tí ìlẹ̀kẹ̀ mi kọ́kọ́ fọ̀ yẹn, omi láàbù ni, àwa la fi ọwọ́ ara wa po òjé sínú rẹ̀. Omi gidi ní ìdọ̀tí, ó ní oríṣiríṣi nǹkan mìíràn tí yóò máa bá òjé du àyè lára ìlẹ̀kẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ kò bá lè ṣiṣẹ́ nínú omi gidi, eré la ṣì ń ṣe.

Mo wá kọ́ Màmá mi ní bí wọ́n ṣe máa bu omi náà. Mo ní kí wọ́n fi omi kànga fọ ìgò lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n kún un dé ẹnu gẹ́gẹ́, kí wọ́n sì fi téèpù dúdú tí àwọn oníná ń lò dí ìdérí rẹ̀ pa. "Bó bá ti dín, màá mọ̀ pé ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án," mo sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó mọ iṣẹ́. Àǹtí kan nínú ìjọ wa, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó káàkiri ilé wọn ní Manchester níbí, ń lọ sílé fún ìsinmi. Mo sọ fún wọn pé ìgò omi kan wà lọ́dọ̀ Màmá mi, pé ó ṣe pàtàkì sí mi ju wúrà lọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi gbé e bọ̀. Mi ò sọ ohun tó wà fún.

Nígbà tí Àǹtí padà dé, wọ́n gbé ìgò náà fún mi lẹ́yìn ìsìn, táwẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi wé e. Ó kún dé ẹnu gẹ́gẹ́. Téèpù tó wà lẹ́nu rẹ̀ funfun, ó ń dán. Mo rí i. Mo ní bóyá Màmá mi kò rí dúdú rà ni.

Ní ọjọ́ kejì mo fi omi náà sínú ẹ̀rọ. Òjé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ààlà tí wọ́n ní kí omi mímu má kọjá. Ó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, kò kàn dé ibẹ̀ ni. Ọ̀gá mi dúró ti ẹ̀rọ náà pẹ́. "Omi yìí mọ́ jù fún omi kànga," ló wí. "Béèrè fún ìgò mìíràn kó o tó sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo rìn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe Màmá mi.

"Màmá! Ó dára! Omi yín dára! Ẹ máa mu ún!"

"Dúró, dúró, jẹ́ kí n gbé ẹ sí speaker. Ẹ wá gbọ́ o! Tún un sọ!"

Mo tún un sọ. Mo fi gbogbo ohùn mi sọ ọ́. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn hó yè, tí ẹnìkan ń pàtẹ́wọ́, tí ìyá kan ń ṣàdúrà pé ilẹ̀ òyìnbó á gbè mí. Mo jó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ dá igi ìnulẹ̀ rẹ̀ dúró títí mo fi jó tán.

Gbọ̀ngàn kan ní Openshaw la ti máa ń ṣe ìsìn. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, nígbà tó kan ẹ̀rí, Àǹtí dìde, wọ́n gba makirofóònù, ojú wọn ń dán.

"Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, driving test yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fail ẹ̀. Manager mi ní tí mi ò bá ní licence, wọn ò ní fún mi ní morning shift mọ́, torí bus kì í gbé mi dé ilé àwọn client mi lásìkò. Ẹ wá wo Ọlọ́run o! Nígbà tí mo lọ sílé, ìyá àdúrà kan gbé omi lé mi lọ́wọ́. Ìyá yẹn gbọ́wọ́ lé ìgò yẹn, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ń sunkún, mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Mo ní, ah, omi yìí kì í ṣe omi lásán. Bí mo ṣe dé ilé mi ní Blackley, mo ní Bàbá, ẹ foríjì mí o, mo ṣí i, mo bu tèmi níbẹ̀. Ó ju half lọ tí mo bù. Mo wá fi omi tap kún un padà, torí gbogbo wa la mọ̀ pé omi àdúrà kì í tán, tẹ́ ẹ bá ti bomi sí i, agbára kan náà ló máa jẹ́. Mo fi ra steering, mo fi ra gear, mo fi ra iwájú orí mi. Tuesday, ẹ̀yin ará, I passed!"

"Halelúyà!" ni gbogbo ìjọ wí. Dùùrù gbé orin.

Èmi ti wà lórí ìdúró. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. "Kí lẹ fi kún un?" ni mò ń pariwo. "Àǹtí, kí lẹ fi kún un?" Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi nínú ariwo yẹn. Àwọn tó wà nítòsí rí i pé ara mi ń gbọ̀n, wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi. Amójútó ìjókòó kan sáré wá sẹ́yìn mi, ó na ọwọ́ méjèèjì kí n má baà ṣubú. Nígbà tí mo já mọ́ ọn lọ́wọ́ tí mo sáré gba ẹnu ọ̀nà, àwọn méjì bá mi sáré, wọ́n ń kígbe ìṣẹ́gun.

Níta, nínú òjò wẹliwẹli, mo pe Màmá mi. Kò wọlé. Mo tún un pè, mo tún un pè. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n má mu omi náà, kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú tì mí. Màmá mi kọ̀ láti mu omi náà títí èmi fi ní kí wọ́n mu ún. Bí wọ́n bá ń mu òjé lónìí, ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ pé ó dára.

Àǹtí ló jáde tọ̀ mí wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: bátìrì, kànga, òjé, àdúgbò tó ń retí mi. Wọ́n jókòó sórí ògiri kúkurú iwájú gbọ̀ngàn, wọ́n di ẹnu mú.

"Mo mu díẹ̀ níbẹ̀ o," ni wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìdérí kan. Láàárọ̀ ọjọ́ test."

"Ìdérí kan ò lè ṣe yín ní nǹkan, Àǹtí. Àwọn tó ń mu ún lójoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí fún. Èyí tẹ́ ẹ bù yẹn, ṣé ó ṣì kù?"

"Ó kù púpọ̀. Ó wà níbi orí ibùsùn mi. Mi ò fi nǹkan kan kún ìyẹn."

Mo fò mọ́ wọn lọ́rùn. Omi kànga gidi, tí kò lábùlà, wà ní Blackley! Àǹtí nu ojú wọn, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ọkọ wọn jáde nínú báàgì. Bí mo ṣe di èrò àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀ wọn lẹ́yìn ìdánwò nìyẹn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń kọjá lára wa. Ní gbogbo ìyànà, Àǹtí á wo ọ̀tún, á wo òsì, á pe orúkọ Jésù, á tún wo ọ̀tún. Mo ń pe Màmá mi, mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń bẹ Àǹtí pé kí wọ́n tẹ iná mọ́tò. "Thirty ni wọ́n kọ síbẹ̀," ni wọ́n dáhùn. Ogún la wà.

Ní àárọ̀ Monday, kí wọ́n tó ṣí láàbù, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi, títí kan ìpè tí mo pe Màmá mi. Kò pariwo mọ́ mi, ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé láàbù bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má ṣe yọ ti driving test náà sílẹ̀.

A pín omi Àǹtí sí méjì. A gbé apá kan sínú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. A da ìlẹ̀kẹ̀ sínú apá kejì, a gbé e sórí ohun tó ń mì ín. Ẹ̀rọ ka apá àkọ́kọ́, ó sì kọjá ààlà fíìfíì. Mo wò ó, mo jókòó. Èyí ni Màmá mi ń mu láti ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí èmi ò jẹ, a yọ apá kejì. Omi kànga gidi ni o, tó ní ìdọ̀tí, tó ní oríṣiríṣi nǹkan tó ń du àyè lára ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀rọ náà wá òjé inú rẹ̀ títí, kò rí i. A tún fi òmíràn síbẹ̀, kò tún rí i. Orí mi wú. Gbogbo ara mi ń sáré láìkúrò lójú kan. Ọ̀gá mi di apá mi mú, ó mì ín, ó ní, "Ní báyìí, o lè pariwo." Mo ṣí ẹnu láti pariwo, fóònù mi gbọ̀n lápò. Màmá mi ni.

Mo sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kò sí iná láti àárọ̀ àná," ni Màmá mi wí. "Àìmọye ìgbà lo pè mí. Ṣé kò sí?"

"Màmá, ṣé ẹ ti ń mu omi yẹn?"

"Láti ọjọ́ tó o ti ní ká máa mu ún. Àárọ̀ yìí mo mu ife méjì. Gbogbo wa la ń mu ún. Wọ́n ń ṣàdúrà fún ẹ níbí."

Mo ní èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mi ò dárúkọ Àǹtí, nítorí pé ọ̀gá mi ti sọ fún mi kí n dúró, èmi ni mi ò lè dúró. Mo ní òjé wà nínú omi náà, ó sì pọ̀.

"Dúró níbẹ̀," ni wọ́n wí. Mo gbọ́ bàtà wọn lórí sìmẹ́ńtì, mo gbọ́ géètì. "Ẹ jáde o! Ẹ pe ara yín wá!" Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ohùn wọn sún mọ́ mi. "Mo ti gbé ẹ sí speaker. Bó o ṣe sọ ti ìjọ́sí fún wọn, sọ èyí náà fún wọn."

Mo fara ti ògiri. "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Òjé wà nínú kànga náà, ó pọ̀. Ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má fún ọmọ mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ má bínú sí mi."

"Tá a bá sè é ńkọ́?" ni ìyá kan béèrè.

"Sísè kì í lé òjé lọ, Mà."

"Ṣé ó wá dá ẹ lójú lọ́tẹ̀ yìí?"

"Ó dá mi lójú."

Kò sẹ́ni tó bú mi. Mo kàn gbọ́ omi ni. Ẹnìkan da garawa kan nù sílẹ̀, lẹ́yìn náà òmíràn, lẹ́yìn náà ohun tó tóbi ju garawa lọ, tí wọ́n ń yí lórí sìmẹ́ńtì. Ó ń lọ báyìí, ilé dé ilé, èmi ń gbọ́ ọ ní Manchester, mo di fóònù mọ́ etí. Ẹnìkan sọ pé ẹ̀wà òun ti jinná, wọ́n sọ fún un pé kó dà á nù. Mo gbọ́ nígbà tó dà á nù.

Màmá mi gbé mi kúrò lórí speaker. "Nǹkan tó ò ń ṣe níbẹ̀ yẹn, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, ṣé ó lè kó òjé yìí kúrò?"

"Ó kó o, Màmá! Lónìí, nínú omi yín gan-an, kò ku nǹkan kan! Ṣùgbọ́n kò tíì ṣe é gbé sínú ilé èèyàn. Ìlẹ̀kẹ̀ máa ń yó, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fojú mọ̀ pé ó ti yó. A gbọ́dọ̀ wá bí ẹni tó ń lò ó ṣe máa mọ̀, ká tún rí i dájú pé kò ní pọ òjé padà sínú omi. Ọ̀gá mi ní iṣẹ́ ṣì pọ̀, ó ní..."

"Kí lo wá ń ṣe lórí fóònù?" ni Màmá mi wí, wọ́n sì gé e.